Ìdí Tí Bàálù Wa Yóò Fi Balẹ̀ sí Lómé, Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìgbọ́ ohùn mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ o. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ nínú ilé ìdáná wa ní Líìlì níbí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín pé ilẹ̀ Faransé ti gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ Adùnọlá. Ilẹ̀ náà tutù, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ náà ni. Ṣé ara yín le? Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ńkọ́? Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi lágboolé, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣa kajú. Mo kí Kọ́lá àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fo ibì kankan, àgàgà ibi tí mo bá ti bú u.

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó bọ́ lẹ́nu mi fúnra rẹ̀: à ń bọ̀ nílé! Kì í ṣe èmi nìkan o. Èmi, Ràfíù ọkọ mi, Ìbídùn ọmọ-ọmọ yín àti Àkàndé àbúrò rẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun bá ti dé ọjà. Mo ti ra bíyẹ̀ bàálù wa. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń fà á jáde wò ní àràárọ̀ bí ẹni pé ó lè sá lọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí n mú gègé. Wọn ò kọ Kútọnu sí i. Lómé ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìgbà tí mo dárúkọ Lómé ni ẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pè, Kọ́lá ni yóò gbé e, á ní ẹ wà lóko kajú. Oko kajú wo, nígbà tí mo ń gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀? Ikọ́ tí mo ń gbọ́ láti kékeré, ṣé n ò ní mọ̀ ọ́n ni? Kọ́lá, òpùrọ́ ni ọ́, irọ́ náà ò sì tún mọ́ ọ lẹ́nu. Mo ní kó má fo ibẹ̀ o.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, torí ìwé kò ṣe é pa mọ́ èèyàn létí. Mo sì ti gbà fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kan pé kí wọ́n gbé e jáde kí gbogbo ayé kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ìyá pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n rò pé ọmọ àwọn ti gbàgbé ilé. Wọn ò mọ̀ pé iwájú àwọn tó ń ta bíyẹ̀ ni ọmọ náà dúró sí lọ́dọọdún, tó ń ṣírò, tó ń mí kanlẹ̀, tó sì ń padà sílé rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ ohun tó jẹ́ kí Kútọnu ṣe pàtàkì sí yín tó báyìí. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ẹ sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ bu omi láti inú àmù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa sínú ìgò kan, ẹ gbé e lé itan láti Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Kútọnu, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé e. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ sọ pé àwọn tí kò rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró síta níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí àwọn zẹ́mìjàn ń gbé ọ̀kadà wọn sí, ẹ da omi náà sílẹ̀, ẹ ní kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ ní ibi tí mo gbà jáde yìí náà ni n óò gbà wọlé. Ohun tí ìyá yín ṣe fún yín nìyẹn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kó iṣu lọ tà ní Parakú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe fún un. Ẹ̀ṣọ́ náà bi yín pé ta ló ní kí ẹ máa da omi sí ẹnu ọ̀nà ìjọba. Ẹ̀yin náà bi í bóyá ìyá rẹ̀ ò da omi fún un nígbà tó kúrò nílé, pé ó lè jẹ́ ìdí tí oòrùn fi ń pa á lórí ìdúró nìyẹn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé báàgì wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn padà. Ẹ lè ní kí ló dé tí n ò dá wá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n má fẹsẹ̀ kan ilé láìmú àwọn ọmọ dání? Bíyẹ̀ ẹnì kan, mo lè fi ìyà rà á. Ti ẹni mẹ́rin, sí Kútọnu, nígbà fakáǹsì tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi? Háà!

Iṣẹ́ mi ṣì ni ti àtijọ́. Mo ń gbá bùró mẹ́ta, mo ń nù wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé ní òwúrọ̀. Òjò ibí kò dà bí tiwa tí í rọ̀ tagbáratagbára, tí á sì dá, tí oòrùn á yọ sórí àwọn òkúta òkè wa tí wọ́n á máa dán. Tibí á máa ṣe wínníwínní láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, kò rọ̀, kò sì dá. Aṣọ mẹ́rin ni mo máa ń wọ̀ lé ara wọn, Ìbídùn ní mo dà bí àpò gàrí tó ń rìn. Inú mi kì í bàjẹ́ sí iṣẹ́ náà o. Ọ̀kan nínú bùró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ń ta bíyẹ̀ ọkọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi èmi àti Madáàmù Sàńdírínì pàdé. Obìnrin òyìnbó ni, ọjọ́ orí rẹ̀ á sún mọ́ tiyín, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan mo fún un ní kajú yíyan tí Kọ́lá fi ránṣẹ́, bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Òun á máa jẹ kajú, èmi á máa nu ilẹ̀, á sì máa kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́n, mo kọ́kọ́ gọ̀ ná, ẹ̀yin lẹ sì fà á, Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ rántí Nóẹ̀lì ọdún kẹta sẹ́yìn. Ẹ ní kí n má kánjú ra bíyẹ̀, kí n ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é ní ibùdókọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ta ni kò mọ̀ yín níbẹ̀? Tí ọkọ̀ Parakú bá ku ẹnì kan kó kún, tí oòrùn ti mú, tí àwọn èrò inú rẹ̀ ti ń bú awakọ̀, ìgbà náà lẹ máa yọ, ẹ ó máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò lọ sí ibì kankan. Awakọ̀ á sáré bá yín, á ní kí ẹ mú iye tó bá wà lọ́wọ́ yín wá. Ẹ ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn òyìnbó, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀! Láti oṣù kẹjọ ni mo ti rí iye tí wọ́n ń ta bíyẹ̀ Kútọnu, mo pòṣé. Tí mo bá ń kọjá níwájú pátákó tí wọ́n kọ owó sí, mo máa ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ń wá a. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo wọ aṣọ tó dára, mo wọlé wẹ́rẹ́, mo ní kí Madáàmù sọ iye tí wọ́n fẹ́ ta àwọn àga tó kù nínú bàálù náà kí ó má baà ṣófo lọ. Nígbà tó sọ ọ́, mo jókòó sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó ti di ìlọ́po méjì! Mo ní kó bá mi pe awakọ̀ bàálù náà, kí èmi àti òun jọ sọ ọ́ lójúkojú.

Madáàmù rẹ́rìn-ín títí kajú fi fẹ́ gbé e lọ́fun. Ó ní ní ti bàálù, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni wọ́n ń gbá mú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń wá àga nígbà tí ọjọ́ ìrìn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, yálà èèyàn rẹ̀ ló kú tàbí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, yóò sanwó náà bó ti wù kó pọ̀ tó. Ó ní ẹ̀rọ ló ń dá iye sílẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè bá nájà. Lọ́dún náà, ẹ ti kó iṣu pamọ́ sínú abà fún wa, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kọ́lá sọ fún mi pé ó hù, ó rọ, ẹ ò sì gbà kí wọ́n gún un. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, Ìyá mi, n ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bi Madáàmù pé kí ló dé gan-an tí ti Kútọnu fi máa ń wọ́n tó báyìí, ṣé ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju ti Lómé lọ ni? Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ jíjìn níbẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ bàálù ò kàn lè gbéra kó lọ sí ibi tó wù ú. Àwọn ìjọba méjì ló máa ń jókòó, tí wọ́n á kọ ìwé àdéhùn: bàálù ta ni yóò máa lọ, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, ìlú wo ni yóò balẹ̀ sí. Níbi tí àṣẹ bá ti há, tó jẹ́ pé àwọn díẹ̀ ló ń lọ, àga kò ní pọ̀, èrò á sì pọ̀, owó tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa fi lé e.

Ìyá mi, ẹ̀yin náà ti rí èyí rí. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn awakọ̀ ilé wa sọ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa kó èrò Kútọnu lẹ́ẹ̀kan, àti pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn kò gbọdọ̀ dúró sí ibùdókọ̀. Kí la ò rí nígbà yẹn? Wọ́n gba owó iṣu, wọ́n gba owó adìẹ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba owó ọmọ ẹ̀yìn. Àfi ìgbà tí àwọn kan lọ ṣí ibùdó kejì sẹ́bàá títì, tí ọkọ̀ méjì wá ń pariwo Kútọnu lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, owó ti wálẹ̀. Awakọ̀ tó ti ń jágbe mọ́ yín wá ń pè yín ní Màmá, ó ń bá yín gbé ẹrù. Gbogbo ohun tí Madáàmù Sàńdírínì kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ọkọ̀ tirẹ̀ ń fò.

Ó tún fi bírò tú bíyẹ̀ kan wò fún mi. Kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ oníbàálù. Owó pápákọ̀ wà níbẹ̀, owó àwọn tó ń yẹ ẹrù wò wà níbẹ̀, owó orí ìjọba tibí wà níbẹ̀, ti ìjọba ọ̀hún náà wà níbẹ̀. Ó dà bíi péàjì tí a ń san lójú títì, àfi pé a ti san án kí a tó kúrò nílé. A ń gbọ́ pé àwọn ìjọba ẹkùn wa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn máa dín in kù, kí bàálù lè máa wọ ìlú wa fàlàlà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ràfíù ní òun á gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí òun bá rí i lórí bíyẹ̀.

Ẹ má wá rò pé mo ní gbogbo òfin ló burú o. Ta ló máa gbé Àkàndé sínú bàálù tí ẹnikẹ́ni ò yẹ táyà rẹ̀ wò? Ẹ̀yin náà, lọ́dún tí ìjọba sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní owó tó kéré ju iye tí àwọn kéde lọ, ẹ jó dé iwájú ilé pásítọ̀. Irú òfin yẹn wù mí. Èyí tó kàn ń bá ẹni tó ti jókòó ṣọ́ àga rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà rí ibi jókòó, òun ni mò ń bá jà.

Lómé ní tirẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn. Bàálù púpọ̀ ń balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ èrò níbẹ̀ lọ sí àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì ń fa èèyàn láṣọ bí àwọn ọlọ́jà. Níbí náà, àárín méjì ni Líìlì wà. Pápákọ̀ Párìsì ń fà wá, ti Brọ́sẹ́ẹ̀lì ń fà wá, bọ́ọ̀sì kan ló sì máa gbé wa dé èyí tí owó rẹ̀ bá dín. Lóṣù tó kọjá, Madáàmù pè mí kí n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kí n wá wò. Ilé-iṣẹ́ bàálù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti máa ti Brọ́sẹ́ẹ̀lì lọ sí Lómé, ó sì ń wá èrò lójú méjèèjì. Àwọn tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ rí i, àwọn náà já owó wálẹ̀. Ìyá mi, owó tí èmi àti Ìbídùn nìkan ìbá fi dé Kútọnu ni gbogbo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fi dé Lómé! Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo jó yí gbogbo bùró náà ká. Madáàmù náà dìde, ó ń jó bí ẹni tó ń tẹ èèrà pa.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà gan-an, mo rò pé ẹ ó hó yèè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi mí pé ṣé ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ gbà wọlé bí olè. Ẹ ní láti ọdún mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ni ẹ fi ń dárúkọ ẹnu ọ̀nà yẹn nínú àdúrà, mo wá fẹ́ kí omi yín ṣòfò. Ẹ tún ní ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, pé ẹ fẹ́ rí mi kí n máa ti ẹnu ọ̀nà yẹn jáde bọ̀ nígbà tí ẹ ṣì lè mọ̀ pé èmi ni. Ibẹ̀ ni ẹ pa fóònù. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo fi ìbòrí bo ojú kí àwọn èèyàn má baà rí omi tó ń bọ́.

Nítorí mo mọ ohun tí ẹ ń sọ, Ìyá mi. Ní ọjọ́ ìsinmi níbí, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé máa ń pa lọ́lọ́. Àwọn ará ilé kejì kì í pariwo, wọn kì í jà, wọn kì í wá bu iyọ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan ṣáà bú mi ní èdè wa. Ìbídùn ti pé ọdún mẹ́jọ, iwájú orí yín nìkan ló mọ̀, torí iwájú orí lẹ máa ń kọ sí fóònù tí Kọ́lá bá gbé e fún yín. Ó bi mí bóyá ẹ ní imú. Àkàndé gbà pé inú fóònù náà lẹ ń gbé, ó fi bisikíìtì pa á lójú lọ́jọ́ kan, ó ní kí Ìyá Àgbà jẹun. Mo fẹ́ kí wọ́n rí yín látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí wọn. Ṣé kí n wá fi àwọn méjì sílẹ̀ níbí nítorí ẹnu ọ̀nà, tàbí kí n kó gbogbo wọn wá kí ẹ má bá mi sọ̀rọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi jẹun dáadáa.

Ràfíù ló kó mi yọ. Ẹ mọ àna yín ọmọ Ọ̀fẹ̀ yẹn, kì í lè dákẹ́. Ó fa ìwé owó iná kan yọ, ó yàwòrán ọ̀nà sí ẹ̀yìn rẹ̀: Lómé rèé, ibodè rèé, Kútọnu rèé, Ṣábẹ̀ẹ́ rèé lókè. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ kan wà tó lè ti Lómé lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ kó má kọjá ní Kútọnu. Mo ní kí ló tún ń sọ. Ó wá bi mí pé ibo gan-an ni Ìyá da omi sí lọ́jọ́ náà, ṣé inú ni àbí ìta? Mo ní ìta ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àwọn zẹ́mìjàn. Ó ní kí wá ni ìjà? Àárín ìlú ni pápákọ̀ yẹn wà, kí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí a kọjá igi náà, kí a wọlé lọ dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ bá ti dá wa dúró, kí a yí padà, kí a wá ru ẹrù wa jáde ní ẹnu ọ̀nà Kútọnu bí ọmọlúàbí. Mo bú sẹ́rìn-ín títí Àkàndé fi sáré wá wò mí. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo rí i pé Ràfíù ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a máa ṣe nìyẹn, Ìyá mi. Tí ẹ̀ṣọ́ bá bi wá pé bàálù wo ló gbé wa wá, Ràfíù ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Ó ní òun á sọ fún un pé bàálù ló já wa sílẹ̀ kí a tó dé ibi tí a ń lọ, a wá fi ẹsẹ̀ parí rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kọ́lá lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kó rọra bá yín sọ ọ́ nígbà tí inú yín bá dùn. Mo wá dúró de ìdáhùn yín.

Àná ni Kọ́lá pè, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ fún yín tán ni ẹ dìde. Ẹ kàn wé gèlè, ẹ gba ibùdókọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ò lè dé ọjà! Ó ní ẹ dúró sí àárín awakọ̀ méjì, ẹ sọ fún ti àkọ́kọ́ pé ìkejì ti gba iye báyìí, ẹ yíjú sí ìkejì, ẹ ní ti àkọ́kọ́ ti tún yọ díẹ̀ kúrò. Wọ́n ń já owó wálẹ̀ títí ọ̀kan fi gbà láti gbé yín lọ sí Kútọnu, kó dúró dè yín, kó sì gbé gbogbo wa padà, ní owó tí Kọ́lá ní ó ṣì ń dun ọkùnrin náà títí di ìsinsìnyí. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ béèrè pé ọ̀la ni àbí ọ̀tunla, ẹ ní oṣù kẹjọ ni! Oṣù kẹrin la wà yìí o. Ẹ wá sọ fún wọn pé ọmọ yín ní òyìnbó ló kọ́ òun pé ẹni tó bá tètè rà ló ń rà á pọ́ọ́kú.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ni Kọ́lá wá sọ èyí tó kù. Ó ní nígbà tí ẹ ti ibùdókọ̀ dé, ẹ lọ sẹ́yìn àmù, ẹ fa ìgò kan yọ, ẹ ń fọ̀ ọ́. Òun ti fẹ́ fi ìgò yẹn ra epo lọ́dún kan rí, ẹ sì gbá a lọ́wọ́, kò mọ ìdí rẹ̀. Àná ló tó mọ̀ pé ìgò ọjọ́ Kútọnu ni. Ìyá mi, ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi tọ́jú ìgò òfìfo, ẹ ò sọ fún mi rí. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ẹ dúró dè wá lábẹ́ igi yẹn. Ẹ má wòkè, bàálù wa kò ní gba ojú ọ̀run ibẹ̀ kọjá. A ó kọ́kọ́ kọjá lára yín lọ wọlé, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí wa, ẹ má dì mọ́ ẹnikẹ́ni ná, bó ti wù kó ṣòro tó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tí ojú yín bá ṣe bàìbàì, mo máa pariwo orúkọ yín, ẹ mọ ohùn mi. Ẹ má sì da omi náà sílẹ̀ kí a tó yọ. Mo fẹ́ kí Ìbídùn àti Àkàndé bọ́ bàtà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀ ẹ́, torí àwọn kò tẹ irú rẹ̀ rí. Kí ẹ wá sọ fún wọn ohun tí ẹ sọ fún mi, kí ibi tó wù kí bàálù máa balẹ̀ sí lẹ́yìn ọ̀la, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa gbà wá bá yín.

Kí Ọlọ́run dá ojú yín sí kó rí wa, kó dá ẹsẹ̀ yín sí kó gbé yín dé ibẹ̀, kó má jẹ́ kí òjò oṣù kẹjọ ba títì jẹ́, kó sì tu awakọ̀ yín nínú. Ràfíù ń fi orí balẹ̀ fún yín, ó ní kí ẹ bá òun kí gbogbo ará Ọ̀fẹ̀ tó bá wá sí ọjà. Madáàmù Sàńdírínì kí yín, ó ní kajú ti ń tán. Ẹ bá mi kí ilé, ẹ bá mi kí ìta, ẹ bá mi kí ẹ̀ṣọ́ yẹn tí ẹ bá bá a níbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé omi náà ṣiṣẹ́.

Èmi ni Adùnọlá,
ọmọ yín, tó ń ti ẹnu ọ̀nà Kútọnu bọ̀.